Ìyá Kpɛ̀lúmi

Gẹ̀ẹ́sì ni mo múra sílẹ̀ fún. Yorùbá ni n kò múra sílẹ̀ fún.

Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí ìwé ìjọba ti jẹ́ Faransé tí ọ̀rọ̀ inú ilé sì jẹ́ Yorùbá. Nígbà tí mo parí yunifásítì tí n kò rí iṣẹ́, àbúrò ìyá mi, Àǹtí Ráfíátù, ní kí n máa bọ̀ ní Lọ́kọ́ja. Ibẹ̀ ni ó ti lọ́kọ, ọmọ Ìlọrin kan tí ìdílé rẹ̀ ti ń tajà ní Lọ́kọ́ja àtijọ́ láti ayé bàbá-bàbá rẹ̀. Ó ní yàrá kan ṣófo ní ilé àwọn ní àdúgbò Ganaja. Kí n tó kúrò nílé, mo há Gẹ̀ẹ́sì sórí bí ọmọdé tó ń há ìṣirò. Mo sọ fún ara mi pé bí Gẹ̀ẹ́sì bá kọ̀ mí, Yorùbá yóò gbà mí.

Ní àárọ̀ tó tẹ̀lé ọjọ́ tí mo dé, mo ń gbá iwájú ilé. Màmá kan ń kọjá lọ, ó wò mí, ó ní, "Okun o."

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ohun tí etí mi gbọ́ ni okùn. Mo rò pé ó fẹ́ yá okùn lọ́wọ́ wa ni. Okùn kan wà lára ògiri tí Àǹtí mi fi ń sá aṣọ bí aṣọ bá pọ̀. Mo tú u, mo sáré tẹ̀ lé màmá náà, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i.

"Ẹ gbà, Màmá."

Ó wo okùn, ó wo èmi. "Kí ni mo fẹ́ fi so?"

Àǹtí Ráfíátù rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ṣàlàyé pé ìkíni ni. Àwọn Yorùbá apá ìwọ̀-oòrùn Kogi, àwọn ará Kàbbà, Ìjùmú, Yàgbà àti Bùnú, ohun tí wọ́n fi ń kíni nìyẹn, òun ni wọ́n ṣe ń pe gbogbo wọn ní Okun. "O ń gbálẹ̀, okun o. O fẹsẹ̀ kọ, okun o. Ìyàwó rẹ bímọ, okun o."

"Kí ni ìdáhùn rẹ̀?"

"Okun o náà ni. Kí lo tún fẹ́?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ó ṣe rí lára mi, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹ̀rín Àǹtí mi ni ó dùn mí. Kì í ṣe ẹ̀rín. Bí ènìyàn bá ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ, ó mọ̀ pé èdè àlejò ni, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a fi èdè ìyá ẹni kí ẹni, kí ó má yé ẹni, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn wọ ilé ara rẹ̀ tó sì forí gbá òpó. Mo ronú lé e lórí ju bí ó ti yẹ lọ. Èmi ni irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Àwọn oníkẹ̀kẹ́ òpópónà wa sọ mí ní Bonjour, bí Faransé ṣe ń kíni. "Bonjour, ṣé Felele lò ń lọ?" Bí mo bá ní Kétu ni mo ti wá, wọ́n á ní, "Kútọnu náà ni." Mo máa ń ṣàlàyé pé Kétu jìnnà sí Kútọnu, pé ìlú Yorùbá ni láti ilẹ̀ wá. Ọ̀kan nínú wọn fetí sílẹ̀ dáadáa títí mo fi ṣe tán, ó ní, "Ó yé mi. Kútọnu ti Yorùbá."

Ìwé ẹ̀rí mi dá lórí ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti odò. Lọ́kọ́ja tí odò ńlá méjì ti pàdé, mo rò pé ẹnìkan á nílò irú mi. Àwọn ọ́fíìsì tí mo gbé e lọ yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń wo àwòrán, nítorí Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọ̀gá kan bi mí pé kí ni ọ̀rọ̀ tó wà lókè yẹn. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ó dára," ó sì dá a padà.

Ohun tí mo ní tó kù ni kọ̀ǹpútà alágbèéká mi. Láti ilé-ìwé ni mo ti fẹ́ràn láti máa to lẹ́tà àti àwọ̀ sójú rẹ̀, mo máa ń ṣe káàdì ọjọ́ ìbí fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Bọ́tìnnì rẹ̀ jẹ́ ti Faransé: ibi tí ti Nàìjíríà fi A sí, Q ni tèmi ní níbẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ará ìhín láti ṣe káàdì fún ọmọ ọ̀rẹ́ Àǹtí mi tó ń jẹ́ Adé, Qdé ni mo tẹ̀. Ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní Q ni orúkọ òun láti ìsinsìnyí lọ, ìyá rẹ̀ sì gbà á láyè fún ọ̀sẹ̀ kan.

Láti orí Adé ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo gbé tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yàrá mi, níbi tí mo ti ń rí ẹ̀yìn Òkè Patti bí ojú ọjọ́ bá mọ́. Ẹnìkan fẹ́ káàdì ìgbéyàwó, ẹlòmíràn fẹ́ àlẹ̀mọ́ fún ara ìgò sóbò tó ń tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí mo bá ti to ọ̀rọ̀ àti àwòrán tán, mo máa ń fi ránṣẹ́ sí Enejo, ọmọ Igala tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ìkóríta wa. Òun ni yóò tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, tí yóò sì gé e. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ènìyàn ń fẹ́ lára káàdì wọn, mo sì ń da ọ̀rọ̀ náà kọ bí wọ́n ṣe fi ránṣẹ́. Mo ń ṣe dáadáa. Mo lè sọ ọ́ láìgbéraga pé iṣẹ́ mi mọ́, kò sí lẹ́tà tó wọ́ lára àlẹ̀mọ́ mi.

Ohun kan ṣoṣo ni ó ń jẹ mí lọ́kàn: kò sí oníbàárà tó padà wá. Wọ́n á yìn mí, wọ́n á gba iṣẹ́ wọn, ó parí. Mo máa ń jókòó ní ìrọ̀lẹ́, màá máa wo àwọn káàdì àtijọ́ lójú kọ̀ǹpútà, màá máa bi ara mi pé kí ni mo ṣe tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi máa ń pè.

Ìbéèrè kan náà ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Kì í béèrè bóyá mo jẹun. Ó máa ń ní, "Ṣé wọ́n ń kí ọ níbẹ̀?"

"Wọ́n ń kí mi, Ìyá mi."

"Ṣé o sì ń dáhùn?"

Olùkọ́ ni ìyá mi. Àwọn àgbà obìnrin tí kò lọ sílé-ìwé ló ń kọ́ ní kíkà àti kíkọ Yorùbá, ní ọ̀sán, lábẹ́ igi máńgòrò kan. Òun ni ó kọ́ èmi náà, kí ilé-ìwé tó fi Faransé kọ́ mi. Kò fẹ́ kí n lọ, ṣùgbọ́n kò dá mi dúró. Nígbà tó yá, ó ní ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Kétu ń wá ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ilẹ̀ àti odò, pé ó fẹ́ gbà mí, ó sì fẹ́ gbọ́ èsì kí ilé-ìwé tó wọlé.

"Iṣẹ́ tó dájú ni," ni ìyá mi wí.

Mo mọ̀ pé ó dájú. Ẹ̀rù ìyẹn gan-an ló bà mí. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Bí mo bá rí oníbàárà kan péré tó padà wá fúnra rẹ̀, n ó dúró. Bí n kò bá rí, n ó wálé."

"Ẹnìkan péré?"

"Ẹnìkan tó bá padà, ìyẹn ni pé mo wúlò fún wọn. Ẹni tó wá lẹ́ẹ̀kan, ó lè jẹ́ àánú ló ṣe é."

Ó ní òun gbọ́.

Nígbà náà ni Ìyá Pẹ̀lúmi pè. Àǹtí mi ló fún un ní nọ́ńbà mi. Ọmọ Ìjùmú ni, ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba ní Lọ́kọ́ja títí irun rẹ̀ fi funfun, ó sì ń fẹ̀yìn tì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe ìdágbére fún un ní ọ́fíìsì, òun náà sì fẹ́ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn ní ìgò oyin kan láti oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fẹ́ àlẹ̀mọ́ tí orúkọ òun wà lára rẹ̀.

"Kí ni kí n kọ, Màmá?"

"Kọ ọ́ pé ògidì oyin. Lábẹ́ rẹ̀, mo dúpẹ́ púpọ̀. Lábẹ́ ìyẹn, Ìyá Pẹ̀lúmi. Yorùbá ni o. Gẹ̀ẹ́sì ti sú mi, mo ti fi kọ ìwé ìjọba tó."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnìkan ní Lọ́kọ́ja yóò ní kí n fi Yorùbá kọ nǹkan. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè jókòó. Mo ní n ó ṣe é bí ó ti tọ́ àti bí ó ti yẹ. Mo ti ń rí Yorùbá lára pátákó ìlú yìí, mo sì ti ṣàkíyèsí pé wọn kì í fi àmì sí i, pé wọ́n ń kọ lẹ́tà bí ó ṣe wù wọ́n, èmi sì gbà pé àìbìkítà ni. Mo jókòó, mo kọ ọ́ bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń kọ ọ́ ní Bẹ̀nẹ̀, tí a kì í fi àmì sábẹ́ lẹ́tà, tí p tiwa sì máa ń ní k níwájú:

Ògidì oyin. Mo dúkpɛ́ kpúkpɔ̀. Ìyá Kpɛ̀lúmi.

Mo ya afárá oyin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fi àwọ̀ ewé sí ìdí rẹ̀. Ó lẹ́wà. Mo fi ránṣẹ́ sí Enejo, ó tẹ gbogbo rẹ̀, ó gé e, ó gbé e wá fún mi nínú páálí, kò sì béèrè nǹkankan.

Ìyá Pẹ̀lúmi wá gbà á fúnra rẹ̀ ní àárọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ ìdágbére. Arẹwà àgbà obìnrin ni, tó ń rìn bí ẹni tó ní ibi tó ń lọ. Ó mú ọ̀kan, ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

"Mo du... kpe. Kpu... kpo." Ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. "Ta ni Kpelumi?"

"Ọmọ yín ni, Màmá."

"Ọmọ tèmi? Èyí tí mo bí sí òdìkejì odò?"

Òdìkejì odò ni ilẹ̀ Igala, níbi tí wọ́n ti ń kọ kp. N kò tíì mọ ohun tó ń sọ. Mo ní, "Màmá, Kpɛ̀lúmi, bí ẹ ṣe pè é lórí fóònù."

"Bí mo ṣe pè é!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Ìjùmú bá mi wí, kíákíá, ọ̀rọ̀ kan nínú mẹ́ta ni mo ń gbọ́. Nígbà tó rí i pé ìbínú òun ń ṣòfò, ó padà sí Yorùbá tó yé mi. "Ọ̀la ni n ó pín oyin yìí fún àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe mi. Wọ́n á ní kò tíì fẹ̀yìn tì tán tó ti lọ fẹ́ ọkọ Igala, tó ti yí orúkọ ọmọ padà. Ọkọ mi ńkọ́? Kí ni n ó sọ fún ọkọ mi?"

Àǹtí mi wọlé wá bá wa. Ó ka àlẹ̀mọ́ náà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, n kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Mo pe Enejo. Ó dé, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Enejo, o rí i, o kò sọ nǹkankan?"

"Wetin I wan talk? For our side na so we dey write am. I think say Mama na our person."

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ?" ni Ìyá Pẹ̀lúmi wí. "Wọ́n ti gbà mí sí ẹbí."

"Mama, you no go regret am," Enejo dáhùn, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. Ìyá Pẹ̀lúmi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

Mo ń ronú sí ọ̀nà mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà: pé mo ti ba ọjọ́ ńlá obìnrin yìí jẹ́, pé kò sí ẹni tí yóò padà wá sọ́dọ̀ mi mọ́ láé, pé ọ̀gá ilé-ìwé Kétu ń dúró, àti èyí tó burú jù, pé bóyá ìyá mi ni kò mọ Yorùbá kọ. Mo mọ̀ pé èrò tó kẹ́yìn yìí kò bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n òun gan-an ni ó mú omi yọ lójú mi.

"Ta ni ó kọ́ ọ ní irú ìkọ̀wé yìí?" ni Ìyá Pẹ̀lúmi bi mí.

"Ìyá mi."

"Pè é fún mi."

N kò lè kọ̀ fún àgbà. Mo pè é, mo yí ohùn fóònù sókè, mo gbé e sórí tábìlì. Lẹ́yìn tí mo kí i, Ìyá Pẹ̀lúmi sún mọ́ ọn.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Èmi ni obìnrin tí ọmọ yín sọ di ará òdìkejì odò."

"Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ó ṣe?"

"Pẹ̀lúmi ni ọmọ mi ń jẹ́. Ó kọ ọ́, ó ki k bọ iwájú p."

Nígbà tí ìyá mi sọ̀rọ̀, ohùn abẹ́ igi máńgòrò ni ó fi sọ ọ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìka kan ọ̀fun yín, kí ẹ wá pe orúkọ ọmọ yín fún mi, díẹ̀díẹ̀."

Ìyá Pẹ̀lúmi wò mí. Ó fi ìka kan ọ̀fun. "Pẹ̀... Pẹ̀..." Lẹ́nu ọ̀nà, Enejo náà ti fi ìka kan ọ̀fun tirẹ̀.

"Ṣé ètè nìkan ló ṣiṣẹ́?"

"Rárá," Ìyá Pẹ̀lúmi wí, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀. "Nǹkan kan ń ta nínú ọ̀fun."

"K nìyẹn. Inú ẹnu yín náà ló wà. Àwa ń kọ ọ́ síta, ẹ̀yin ń fi í pamọ́."

Ìyá Pẹ̀lúmi tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, ó mi orí. "Òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n Màmá, àwọn ará ọ́fíìsì mi kò ní fi ọ̀fun ka àlẹ̀mọ́. Ojú ni wọ́n á fi kà á."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ borí mi. Ọmọ mi, kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ níbẹ̀. Ibi tí a bá wà, ìwé ibẹ̀ ni à ń kọ."

Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú mi ní ìṣẹ́jú yẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dá mi lójú pé mo lè sọ ọ́ tán. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti rò pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ jẹ̀bi: bí Yorùbá wọn bá tọ́, tiwa kò tọ́, bí tiwa bá tọ́, tiwọn kò tọ́. Èmi tó wà láàárín ni mo ń ru ẹ̀bi méjèèjì. Àgbà méjì yìí kò jẹ̀bi. Ọ̀kan ní kí èkejì fi ìka kan ọ̀fun, wọ́n gbọ́ ohun kan náà, wọ́n sì gbà pé ọwọ́ ìkọ̀wé ló yàtọ̀. Mo wá rí i pé kò sí ohun tí mo gbọ́dọ̀ jù nù kí wọ́n tó lè gbà mí. Mo kàn ní láti mọ ẹni tí mo ń kọ̀wé sí.

Ìyá Pẹ̀lúmi fa àga, ó jókòó tì mí sídìí kọ̀ǹpútà. Mo yọ gbogbo k tó wà níwájú p, mo yí ɛ àti ɔ padà, mo fi àmì sí abẹ́ wọn. Ó ń fi ìka tọ́ ojú kọ̀ǹpútà. "Ibí yẹn. Ó kù kan níbí."

"Àmì orí rẹ̀ ńkọ́, Màmá? Ṣé kí n yọ ọ́?"

"Fi í sílẹ̀. Ó jọ pé a kàwé."

Enejo gba iṣẹ́ náà, ó tẹ̀ ẹ́ kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ní òun kò ní gba owó bébà, pé òun náà wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún. Ìyá Pẹ̀lúmi ní kí wọ́n gbé àwọn ìgò oyin náà wá, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara wọn ní pálọ̀ Àǹtí mi, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyá Pẹ̀lúmi kó oyin rẹ̀ lọ. Kò bínú mọ́, ṣùgbọ́n kò sọ pé òun yóò padà wá.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, n kò gbọ́ nǹkankan. Mo ṣe káàdì ìsọmọlórúkọ kan fún ìdílé Nupe kan, mo kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ náà, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Wọ́n ní kò sí ẹni tó bi àwọn bẹ́ẹ̀ rí. Síbẹ̀ mo ti ń kó aṣọ mi jọ díẹ̀díẹ̀ nínú ọkàn mi, nítorí ilé-ìwé fẹ́ wọlé.

Ó wá di ọ̀sán kan. Mo gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà.

"Okun o."

"Okun o, Màmá," ni mo dáhùn kí n tó mọ̀ pé mo ti dáhùn.

Ìyá Pẹ̀lúmi wọlé, ó jókòó sórí àga tó jókòó sí nígbà yẹn láìjẹ́ pé mo fi lọ̀ ọ́. Mo dúró de ẹ̀sùn. Mo ti ń ronú ẹ̀bẹ̀ tí n ó bẹ̀.

"Àwọn ará ọ́fíìsì ń béèrè oyin," ó wí. "Mo ti pinnu láti máa tà á. Ìwọ ni yóò máa ṣe àlẹ̀mọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló gbé mi wá lónìí. Mo fẹ́ káàdì ìkíni kan."

"Fún ta ni?"

"Fún ìyá rẹ. Kọ ọ́ pé, Màmá Kétu, mo dúpẹ́ púpọ̀, ọ̀fun mi ṣì ń ta. Kí o sì kọ ọ́ bí òun ṣe ń kọ ọ́. Òun ni yóò kà á."

Mo ṣí kọ̀ǹpútà. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí n kọ́kọ́ tẹ ẹnìkan láago.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé pé kí ó wá ẹlòmíràn."

Mo ń gbọ́ ohùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń ka lẹ́tà pọ̀.

"Ẹni náà padà wá?"

"Ó jókòó tì mí."

Mo mọ̀ pé ó ń dùn ún, mo sì mọ̀ pé inú rẹ̀ dùn, àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ó ṣe rí fún èmi náà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé yóò sanwó ṣá?"

Ìyá Pẹ̀lúmi ti gbọ́ ọ. Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó sún àga mọ́ tábìlì.

"Sọ fún un pé n ó san," ó wí. "Tẹ̀ ẹ́ kí iná tó lọ."